Mo Ti Tẹ̀ Ẹ́

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí gbólóhùn kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo bá a sùn, mo bá a jí, mo gbé e lọ sọ́jà, mo tún gbé e bọ̀. "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, lójú ẹni méjì àti kọ̀ǹpútà kan, ohùn líle ni mo sì fi sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ní mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ló jàre.

Ká ní irọ́ ni mo pa ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbàgbé ni pé mi ò purọ́. Ọwọ́ mi ni, ara mi ló so mọ́. Bó bá ṣiṣẹ́, ta ni kó kọ́kọ́ mọ̀ bí kì í bá ṣe èmi?

Yàrá kékeré kan ló ti ṣẹlẹ̀, ní yunifásítì kan nílùú tí mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn ń wá ẹni tó lè fún àwọn ní wákàtí méjì, kí àwọn fi òòfà ta ọpọlọ rẹ̀ jí, kí àwọn sì wo bó ṣe ń yára fèsì tó bá gbọ́ ohùn. Owó tí wọ́n fẹ́ san tó ra ẹran ọ̀sẹ̀ kan. Mo fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní wárápá, pé kò sí irin lágbárí mi, pé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ti ọkàn mi lẹ́yìn. Màmá mi gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ní, "Orí tí mo fi omi tútù wẹ̀ fún ẹ, o wá gbé e fún òyìnbó kó máa fi òòfà gbá a?" Mo ní ẹ má bínú, Màmá, wọn ò ní gbá a, wọ́n kàn máa ta á ni.

## Sùkú àti kọ́ìlì

Ẹ̀rọ náà ò jọ ohun tó lágbára. Àpótí kan wà nílẹ̀ tó ń kó iná jọ sínú bí ẹni ń pọn omi sí àmù. Wáyà nípọn kan jáde lára rẹ̀, ó lọ parí sí ohun kan tó rí bíi nọ́ńbà 8, tí wọ́n fi rọ́bà bò, tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ méjì tí wọ́n tò ti ara wọn. Kọ́ìlì ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, àpótí á da gbogbo iná tó ti kó jọ sínú wáyà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Iná tó bá sáré báyìí máa ń bí òòfà, òòfà tó bá sì ń yí padà wéré máa ń bí iná níbòmíì. Michael Faraday ti fi ìyẹn hàn ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1831. Agbárí kì í dá òòfà dúró. Ó ń gba inú eegun kọjá bí ìgbà tí kò sí nǹkan níbẹ̀, ó sì ń dá iná kékeré sílẹ̀ ní èèpo òkè ọpọlọ. Kì í wọlé jìnnà ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ní ọsibítù.

Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield ló kọ́kọ́ fi irú òòfà yìí mú ọwọ́ ènìyàn fò lọ́dún 1985. Ọdún márùn-ún ṣáájú wọn, Merton àti Morton ti ṣe irú rẹ̀, àmọ́ iná gan-an ni wọ́n fi sára awọ orí, ìyẹn sì dunni. Ti òòfà ò fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá fi èékánná ta yín lórí: tá!

Èmi ò mọ èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo lọ di sùkú ní Sátidé tó ṣáájú. Sùkú gíga, tó dúró sán-ún láàárín orí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń ṣe ìwádìí náà wo orí mi, ó wo kọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo orí mi. Ibi tó ń darí ọwọ́ nínú ọpọlọ ò jìnnà sí àárín orí, bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ni, agbára òòfà sì máa ń rọ kíákíá bó bá ti ń jìnnà. Ìka kan péré láàárín kọ́ìlì àti awọ orí ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́ tí kò ní bí mi nínú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó, mo tú irun tí mo san ọgbọ̀n pọ́n-ùn dì.

Mo ń tú u lọ ni mo ń rò ó pé orí mélòó bíi tèmi ni wọ́n ti dá padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí irun, tí a sì ń ka èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bíi pé orí gbogbo ayé ló jẹ́rìí sí i. Àmọ́ ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nígbà tí irun ti tú tán, ó ń gbé kọ́ìlì kiri orí mi díẹ̀díẹ̀. Tá! Kò sí nǹkan. Tá! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mì. Tá! Àtàǹpàkò ọ̀tún mi fò sókè. Mi ò rán an níṣẹ́. Mo wò ó bí ẹni wo ọmọ aládùúgbò tó ṣàdédé wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Inú akẹ́kọ̀ọ́ náà dùn, ó fi bírò sàmì síbẹ̀.

## Ìlà tó dákẹ́

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ò le. Wọ́n fi ohun ìgbọ́hùn sí mi létí, wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ọwọ́ mi kó lè máa gbọ́ ohun tí iṣan ń sọ, mo sì gbé ìka tí a fi ń lá ọbẹ̀ lé orí bọ́tìnnì. Bí mo bá gbọ́ "píì", kí n tẹ̀ ẹ́ kíá. Aago kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí n sọ ibi tí ọwọ́ aago wà nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn náà ni.

Láìsí òòfà, ó ń gbà mí ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, bíi ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tó bá jẹ́ pé iná ni wọ́n ń tàn ni, ì bá pẹ́ díẹ̀ sí i. Etí ń yá ju ojú lọ nínú irú eré yìí, torí pé ojú máa ń ná àkókò kó tó sọ ìmọ́lẹ̀ di ohun tí iṣan lè gbé lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kọ́ìlì lé ibi tí wọ́n sàmì sí. Píì. Tá! Mo tẹ̀ ẹ́. "Níbo ni ọwọ́ aago wà?" Mo sọ. Píì. Tá! Mo tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí ọrùn fi ń ro mí. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n máa ń ta á lẹ́yìn ohùn, kí ọwọ́ mi tó gbéra. Ẹ̀ẹ̀kan, wọn ò ní ta á rárá. Mi ò rí ìyàtọ̀ kan gúnmọ́. Lójú tèmi, mò ń yára bí àkùkọ tó rí àgbàdo.

Nígbà tí a parí, mo bi í léèrè bóyá mo ṣe dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ náà hàn mí. Ìlà kan ló lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ó fi ìka han ibi tí ohùn ti dún. Ó fi ìka han ibi tí òòfà ti ta, àti bí iṣan ọwọ́ mi ṣe fò lẹ́yìn bí ogún mílísẹ́kọ́ǹdù (ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdù ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìlà náà dákẹ́. Ó lọ gbọọrọ bí ojú odò lówùúrọ̀, kò sí ìjì, kò sí ìgbì. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni iṣan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ru sókè, tí bọ́tìnnì sì wọlé.

Ó wá gbé ìka lé àárín ibi tó dákẹ́ yẹn. Ó ní, "Ibí lo sọ pé o ti tẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn."

Ó ní rárá.

Mo ní, "Mo mọ ìgbà tí mo bá tẹ nǹkan. Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ ohùn mi, ó wọlé. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan ni. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn di ìka tèmi náà mú, ó fà á lé ojú kọ̀ǹpútà, ó gbé e lé orí ìlà tó dákẹ́ náà, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé fífò tí òòfà mú ọwọ́ mi fò ni mo kà sí títẹ̀. Mo ti gbé ìyẹn yẹ̀ wò dáadáa, kò rí bẹ́ẹ̀. Tí òòfà bá mú ọwọ́ ẹni fò, ó dà bí ìgbà tí ẹlòmíì gbá ọwọ́ náà láti ìsàlẹ̀ tábìlì. Kò sí "èmi" nínú rẹ̀. Èyí tí mo ń sọ yìí, "èmi" kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo gbọ́, mo pinnu, mo tẹ̀ ẹ́, ó ti parí. Ìka mi nìkan ni ò tíì gbọ́.

Inú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà sílé ni mo ti rántí ẹni tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi ni.

## Ìránṣẹ́ tó bá ilẹ̀kùn ní títì

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ní 1989, Brian Day, John Rothwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde tí mo ti kà ní ìgbà mẹ́ta báyìí. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn mi ọrùn ọwọ́ bí àmì bá ti dé. Kí ìmìra náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ta ọpọlọ wọn. Ọwọ́ pẹ́, nígbà mìíràn ó pẹ́ tó 150 mílísẹ́kọ́ǹdù. Bí agbára ìta náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni pípẹ́ náà ṣe ń gùn tó.

Pípẹ́ náà kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ọwọ́ ṣe rí nígbà tó dé. Kì í ṣe iṣan kan ló ń mi ọrùn ọwọ́: èyí tó ń fà á á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èyí tó ń dá a dúró á tẹ̀ lé e, èyí àkọ́kọ́ á tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì, bí onílù mẹ́ta tí wọ́n mọ ara wọn. Lẹ́yìn gbogbo ìdíwọ́ yẹn, ètò náà ò yí padà. Kò sí èyí tó sọnù, kò sí èyí tó ṣáájú ẹnìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ti dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó dúró síta pẹ̀lú ẹrù lórí, nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ó wọlé, ẹyọ ẹ̀wà kan ò dànù. Àwọn onímọ̀ náà sọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó wà ní ibi pàtàkì nínú ọpọlọ ni òòfà pa lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀, tí wọn ò fi gbọ́ àṣẹ tó ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó kù ni pé nínú ẹni tó rán iṣẹ́ àti ẹni tó jẹ́ iṣẹ́, ta ló ń sọ fún mi pé ó ti ṣe? Ní 1999, Patrick Haggard àti Magno lo òòfà àti irú aago tí mo jókòó tì yẹn láti wádìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta ibi tó ń darí ọwọ́, ọwọ́ pẹ́ gan-an, àmọ́ àkókò tí àwọn ènìyàn gbà pé àwọn fèsì ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìmọ̀lára "mo ti ṣe é" ti jáde nílé kí ọwọ́ tó jáde. Ó ti ń sọ ìròyìn iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ́.

Ẹ má sì rò pé òòfà ló dá a sílẹ̀. Òòfà kàn fẹ àlàfo tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ní 1983, Benjamin Libet ní San Francisco ní kí àwọn ènìyàn máa mi ọwọ́ nígbà tó bá wù wọ́n, láìsí òòfà kankan, kí wọ́n sì máa sọ ìgbà tí ọwọ́ wọn mì. Ìgbà tí wọ́n ń dárúkọ fi ohun tó lé ní 80 mílísẹ́kọ́ǹdù ṣáájú ìgbà tí iṣan wọn ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ara wọn le, orí wọn pé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, ẹnu wa ń ṣáájú ọwọ́ wa.

## Ẹni tó pẹ́ ní Greenwich

Ohun tí mi ò lè gbàgbé nínú gbogbo ìwé tí mo kà ni ọ̀rọ̀ David Kinnebrook. Ọmọ iṣẹ́ ni ní ilé ìwòràwọ̀ Greenwich. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fojú sí ẹ̀rọ awò, kó máa fetí sí aago, kó sì kọ ìgbà tí ìràwọ̀ bá kọjá lára okùn tín-ín-rín tó wà nínú awò náà. Ọ̀gá rẹ̀, Nevil Maskelyne, rí i pé àkọsílẹ̀ ọmọ náà ń pẹ́ ju ti òun lọ. Ó bá a wí. Pípẹ́ náà kò lọ, ńṣe ló tún ń pọ̀ sí i, títí ó fi tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ní 1796, ó lé e níṣẹ́.

Mo máa ń rò ó bí ọmọ yẹn ṣe ń dúró nínú òtútù òru, tó ń fi gbogbo ara sọ́ ìràwọ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì dá a lójú pé àkókò tó kọ sílẹ̀ ni àkókò tí ìràwọ̀ kọjá. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó tó bí ogún ọdún kí Friedrich Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní Königsberg, tó ka ìtàn náà, tó sì ro ó pé bóyá kì í ṣe ọ̀lẹ ni ọmọ náà. Ó fi ara rẹ̀ wé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ńláńlá. Kò sí méjì tí àkókò wọn dọ́gba, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ yàtọ̀ síra. Inú wàhálà yìí ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìyára èrò. Helmholtz wọn bí ìròyìn ṣe ń yára gba inú iṣan àkèré kọjá ní 1850, Donders ní Utrecht sì ń wọn iye tí yíyan nǹkan kan nínú méjì ń gbà ní 1868. Kinnebrook ti kú kó tó di ìgbà yẹn.

## Ṣé ó lè mú ni yára?

Ẹ̀gbọ́n mi kan nílé gbọ́ ohun tí mo ń ṣe, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́: "Ṣé ẹ̀rọ yẹn lè mú orí ọmọ yá fún JAMB?" Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fi yín rẹ́rìn-ín, torí pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti béèrè rẹ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ ní ojú méjì. Bí wọ́n bá ta ọpọlọ pẹ̀lú agbára díẹ̀, tí kò tó láti mú ọwọ́ fò, ní nǹkan bí ìgbà kan náà tí àmì bá dé, ọwọ́ máa ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alvaro Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1992, lẹ́yìn náà wọ́n tún fi hàn lára àwọn tí àìsàn Parkinson ti mú ara wọn wúwo. Ní Amẹ́ríkà, wọn ò jẹ́ kí àwọn kan sùn, wọ́n sì fi òòfà ta wọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìfèsì tí àìsùn ti fà sẹ́yìn tún yá díẹ̀, nínú iṣẹ́ ìrántí kan. Bruce Luber àti Sarah Lisanby wà lára àwọn tó ṣe é, ní 2008.

Ojú kejì rèé. Kọ́ìlì máa ń dún. "Tá!" yẹn kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nǹkan dí ni létí. Ohùn tó bá sì dún pẹ̀lú àmì máa ń ta ara jí, ì báà jẹ́ òòfà wà níbẹ̀, ì báà má sí. Ẹ ti rí ẹni tó ń tòògbé nínú ìpàdé tí ẹnìkan wá ju ìwé lulẹ̀. Torí náà, olùwádìí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìpele ẹ̀tàn: wọ́n á yí kọ́ìlì kọ ẹ̀gbẹ́, á máa dún bó ṣe ń dún, òòfà ò sì ní wọ inú orí. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tèmi, ibi tí ọwọ́ mi ti yá jù lọ ni ibi tí wọ́n ti yí kọ́ìlì kọ ẹ̀gbẹ́. Ariwo lásán ló mú mi yára. Mo sanwó irun fún ariwo.

Èyí kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí wọ́n bá ta ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ibi tí wọ́n ta sábà máa ń rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń ta jí. Ní 2005, Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìta tí kò ju ogójì ìṣẹ́jú-àáyá lọ yí ìṣesí ọpọlọ padà fún bíi wákàtí kan. Àmọ́ ó yàtọ̀ lára ẹnìkan sí ẹnìkejì. Ìta kan náà tó mú orí ẹnìkan rọ̀ lè ta ti ẹlòmíì jí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fọwọ́ sí i láti 2008 fún ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn ò ràn, ìyẹn sì wúlò. Fún JAMB, ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn dáadáa.

## Ẹ̀wà ṣíṣà

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Vincent Walsh, Alan Cowey àti Ashbridge ní Oxford ní kí àwọn ènìyàn wá ohun kan láàárín ọ̀pọ̀ ohun tó jọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, bí òkúta dúdú nínú ìrẹsì funfun, ojú á rí i lẹ́ẹ̀kan náà, òòfà ò sì dí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ àti ìdúró rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n máa fi dá a mọ̀, bí òkúta tó pupa bí ẹ̀wà tó tún tóbi bí ẹ̀wà, ìgbà náà ni títa apá ọ̀tún òkè ọpọlọ, níbi ìpàkọ́ lókè, máa ń fa ìfèsì sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn náà fi iṣẹ́ ìwákiri náà kọ́ra títí ó fi mọ́ wọn lára. Wọ́n ta ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń wá sí òmíràn tí wọn ò kọ́, pípẹ́ náà padà dé.

Nígbà tí mo kà á, Màmá mi ni mo rí, tí wọ́n tẹ́ ẹ̀wà sórí àtẹ, tí wọ́n ń bá ìyá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tí ìka wọn sì ń ju òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì wo ibẹ̀. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tẹjú mọ́ tèmi títí omi fi ń bọ́ lójú mi, òkúta sì wà nínú ẹ̀wà tèmi títí a fi jẹ ẹ́. Mo ti máa ń rò pé ọgbọ́n kan náà la jọ ń lò, pé tiwọn kàn yá jù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kó iṣẹ́ náà kúrò níbi tí mo ti ń wá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni awakọ̀.

## Mọ́kọ́lá

Bàbá mi wa bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fún ọdún méjìdínlógún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé wọ́n gbá nǹkan. Ní Mọ́kọ́lá ni, Pijó 504 kan dúró gììrì níwájú wọn, wọ́n sì tẹ bọ́ńpà rẹ̀ wọlé. Wọ́n sọ fún ẹni tó ni Pijó, fún ọlọ́pàá, fún wa nílé, fún ẹni tí kò tilẹ̀ béèrè: "Mo ti tẹ̀ ẹ́! Mo ti tẹ bíréèkì náà!" Kọ̀ńdọ̀ wọn, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ní irọ́ ni, pé bíréèkì ò tíì mú nígbà tí bọ́ńpà dún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú wọn ká. Bàbá mi san owó bọ́ńpà, wọ́n sì lé kọ̀ńdọ̀ lọ, torí pé ó pe àgbà ní òpùrọ́ láàárín ọjà.

Mo pè wọ́n ní Sunday tó kọjá. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀, òòfà, ìlà tó dákẹ́, San Francisco. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já.

"Mélòó lo ní ó fi ń ṣáájú?"

"Ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rin mílísẹ́kọ́ǹdù, sà. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá."

"Mi ò béèrè ìyẹn. Lójú títì, mélòó ni?"

Mo ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bí ẹ bá ń sá ogójì kìlómítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta."

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta." Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. "Ká ní mo rí ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i lọ́jọ́ náà, mi ò ní kan bọ́ńpà yẹn. Ṣé wọ́n kọ ọ́ síwèé?"

"Wọ́n kọ ọ́ síwèé, Bàbá. Àmọ́ ẹ má bínú o, kò sẹ́ni tó wọn tiyín. Àti pé ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí kọ̀ńdọ̀ jàre. Pé ẹsẹ̀ yín ò tíì dé orí bíréèkì nígbà tí ẹ gbà pé ó ti dé."

"Mo gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Ó tún ní mi ò purọ́. Fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ yẹn ṣì wà ní Mọ́kọ́lá, ó ti ń ta páàtì ọkọ̀. Màá lọ kà á fún un."